Alùpùpù Tó Ń Kú Lórí Òkè

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Mo ti ra alùpùpù náà. Tíṣà àgbà, ẹni tó kọ́ àwọn ọmọ mi níwèé kó tó fẹ̀yìn tì, ló tà á fún mi. Ẹ̀rín tó ń rín nígbà tó ń na kọ́kọ́rọ́ sí mi ti pọ̀ jù. Ẹni tó bá ń ta nǹkan rere kì í rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀, ńṣe ló máa ń ṣe bí ẹni tí wọ́n já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń tà á. Ó ní orúnkún ni. Mo wo orúnkún náà dáadáa, nọ́ọ̀sì kúkú ni mí. Kò wú.

Bàbá wọn jáde láti ìdí pákó rẹ̀, ó yí alùpùpù náà po, ó fi ìka kan táǹkì, ó ní, "Ó ti gbó." Ó padà sídìí ayùn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó rí sọ nìyẹn.

Mo mọ ohun tó ń dùn ún. Kò fẹ́ kí n gba iṣẹ́ ilé ìwòsàn tó wà lẹ́yìn òkè yẹn. Ọkọ̀ èrò kì í tètè débẹ̀ láàárọ̀, Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì sì ti là á mọ́lẹ̀ fún mi: títí ìparí oṣù keje ni wọ́n fi máa wò mí. Bí mo bá ń dé kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, kí n máa ti ilé wá. Bí n kò bá lè ṣe é, yàrá kan ń bẹ lẹ́yìn ilé ìwòsàn, kí n kó wá síbẹ̀, tàbí kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Mo ròyìn yàrá náà fún Bàbá wọn nígbà tí mo lọ wò ó. Ògiri mẹ́rin àti fèrèsé kan, kò tiẹ̀ sí ibùsùn níbẹ̀. Kò ní kí n má lọ. Ó kàn ní, "Àwọn ọmọ ti lọ. Ìwọ náà fẹ́ lọ." Ta ló ń lọ? Kí n má baà lọ ni mo ṣe ra alùpùpù.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò yọ mí lẹ́nu rárá. Ó gun òkè, ó sọ̀ kalẹ̀, mo sì dé kí ẹni tó ń gbálẹ̀ tó dé. Ọkàn mi ò balẹ̀ síbẹ̀. Ìfura lòògùn àgbà. Pańsá ò fura, pańsá já síná. Mo ń tẹ́tí sí ohùn rẹ̀ bí mo ṣe máa ń tẹ́tí sí àyà aláìsàn, mo ń dúró de ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀.

Owó epo tún ti gbẹ́sẹ̀ sókè. Ẹni tó ń tà á ní kí n má wo òun, kì í ṣe òun ló fi kún un. Ojú rẹ̀ ò jọ ojú ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Òjò rọ̀ láti àná, kò dá. Alùpùpù wà níta. Nígbà tó dá díẹ̀, mo jáde, mo bá Bàbá wọn tó bẹ̀rẹ̀ lé e lórí pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́. Mo pariwo pé, "Ẹ má fọwọ́ kan máṣíìnì mi o! Pákó kọ́ nìyẹn!"

Ó ní ibi tí wọ́n ń gbẹ́sẹ̀ lé ló wọ́, òun fẹ́ nà án ni.

"Ẹ jẹ́ kó wọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ sáà má fọwọ́ kàn án."

Ó ní, "Ó dáa." Ó ti òòlù bọ àpò, ó wọlé. Mo mọ̀ pé ohùn mi ga jù. Àmọ́ ẹni tí kò fẹ́ kí nǹkan rìn, kí ló ń fi òòlù wá níbẹ̀?

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Alùpùpù kò dáhùn láàárọ̀ yìí. Mo ta á títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Mo tì í dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tó wà ní oríta, ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní Kòséwu, nítorí bí ilé bá ń jó lójú rẹ̀, ohun tó máa sọ náà nìyẹn. Ó tú kábúrétọ̀, ibi tí epo ń gbà kó tó wọnú ẹ́ńjìnnì, ó da ohun tó wà nínú ife ìsàlẹ̀ rẹ̀ sínú ọmọrí ìgò, ó gbé e sí mi lójú. Epo wà lókè, omi wà nísàlẹ̀, àwọn méjèèjì ò bá ara wọn ṣe.

"Omi ti wọnú epo yín, Màmá. Láti orí táǹkì ni. Ìdérí yìí ti gbó, rọ́bà abẹ́ rẹ̀ ti jẹ."

"Ṣé ó burú?"

"Kò séwu. Ẹ ṣáà máa wá nǹkan bò ó."

Ó fọ̀ ọ́, mo gùn ún lọ. Wọ́n ti ṣílẹ̀kùn kí n tó dé. Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì wo aago, kò wò mí.

Nígbà tí a ń jẹun alẹ́, mo sọ ọ́ fún Bàbá wọn, kó má baà rò pé alùpùpù náà ló burú. Mo ní omi òjò ló ń gba orí ìdérí táǹkì wọlé. Ó họ àgbọ̀n rẹ̀. "Láti orí ìdérí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, láti orí ìdérí. Ó ń jẹun rẹ̀ lọ. Kò tiẹ̀ lè ní kí n pẹ̀lẹ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Ó kú lórí òkè. Ó dáhùn nílé láìjanpata, ó gba ojú pópó kọjá, nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà ti yí lẹ́bàá àpáta, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tínrín, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó dákẹ́. Mo rò pé epo ló tán. Mo ṣí táǹkì. Ńṣe ló mí kanlẹ̀, fííìn, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Epo kún inú rẹ̀. Mo dé e padà, mo ta á, ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ó gbé mi dé ibi iṣẹ́ bí ẹni pé kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Mo tún pẹ́. Àwọn aláìsàn ti wà lórí bẹ́ńṣì, ìyá kan ń wò mí láti òkè délẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ibi kan náà, ẹ̀bá àpáta yẹn. Òkè yìí àti èmi ò jọ jà rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo tún gbé e dé ọ̀dọ̀ Kòséwu. Ó ṣí táǹkì, ó yọjú wo epo, ó dé e, ó ta á. Ó ń dún bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo dúró, mo ń wò ó, kò kú. Mo mọ irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Ọmọ á sunkún mọ́jú nílé, tó bá fojú kan nọ́ọ̀sì báyìí, ẹ̀rín ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í rín.

"Màmá, ẹ ò rí i pé kò séwu?"

Mo ní kó tú u bó ti wù kó mọ. Ó tú kábúrétọ̀, ó fẹnu fẹ́ atẹ́gùn gba ihò jẹ́ẹ̀tì, ihò tí epo ń gbà tínrín bí ojú abẹ́rẹ́, ó gbé e sókè sójú oòrùn kí n lè wò ó. Ó mọ́. Ó dè é padà. Ó wá ń rẹ́rìn-ín.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí wò. Ṣáájú kó tó fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ Ajé, kì í kú lórí òkè. Ó fọwọ́ kàn án tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pọmọ jẹ? Ó ní ohun tó ń fi síbẹ̀ kí n lè máa padà wá. Láti ìsinsìnyí lọ, n kò ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bó bá ń tú u, bí òǹgbẹ tilẹ̀ ń gbẹ mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Ó kú lánàá, ó kú lónìí. Mo yà sílé Tíṣà nígbà tí mo ń bọ̀.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Kí lẹ mọ̀ nípa máṣíìnì yìí tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Ọmọ mi, òótọ́ wo? Àtìgbà tí irun orí mi ti dúdú ni mo ti ń gùn ún. Kò já mi kulẹ̀ rí."

"Lórí òkè ńkọ́?"

"Òkè tí mò ń gùn lọ síléèwé lójoojúmọ́?" Ojú rẹ̀ le. Ìyàwó rẹ̀ ti fèrèsé bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Kí ló dé tó fi ti fèrèsé? Kò sí òjò, kò sí ẹ̀fọn.

Ohun tó wá bí mi nínú jù ni pé Tíṣà sìn mí jáde. Ẹsẹ̀ kan ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó fa èkejì tẹ̀ lé e, ó di ògiri mú. Bí ẹni tí orúnkún ń dùn ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ gan-an nìyẹn. Mo ti ń fọkàn pè é ní onírọ́ tẹ́lẹ̀, ó wá di dandan kí n yọ ìyẹn kúrò nínú ẹ̀sùn rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Òjò lánàá, òjò lónìí. Aṣọ iṣẹ́ mi ò gbẹ. Alùpùpù kú lórí òkè, mo dúró sínú òjò bí ẹni tí wọ́n lé jáde nílé.

Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì fi ohùn tó dùn pè mí sí kọ̀rọ̀. "Àbúrò mi, yàrá yẹn ṣì wà o." Ohùn yẹn dùn jù. Ṣé nítorí mi ni àbí nítorí kí ẹlòmíràn lè máa dìde lọ́gànjọ́ sí àwọn aboyún, kí òun lè máa sùn? Mo ní ẹ ṣé, mà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Kí n rọra kọ eléyìí.

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, mo jí, ẹ̀gbẹ́ mi ṣófo. Mo yọjú lójú fèrèsé. Bàbá wọn dúró ti alùpùpù náà nínú ọ̀rinrin àárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí táǹkì, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ nǹkan. Mo ṣí fèrèsé, ó gbọ́, ó yára ki ọwọ́ bọ àpò.

"Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń wo ojú ọjọ́ ni."

Ojú ọjọ́ wo ni wọ́n ń dorí kodò wò?

Mo fọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án. Àpò rẹ̀ ń rùn, epo bẹntiróò ni. Ayùn kì í mu epo. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Mo ń wá olè lọ sílé mẹkáníìkì, mo ń wá a lọ sílé Tíṣà, kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́ sì wà lára ẹ̀fọ́.

Tàbí kẹ̀? Ọkùnrin yìí kò purọ́ fún mi rí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tiẹ̀ pọ̀ tó láti fi purọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo ní kí Kòséwu tú ife kábúrétọ̀ lójú mi. Ó fi aṣọ funfun nu inú rẹ̀, ó tẹ́ aṣọ náà sórí ìjókòó. Àwọn èérún kéékèèké wà lára rẹ̀, wọ́n pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́.

"Iyanrìn ni?" mo bi í.

"Iyanrìn kọ́, Màmá. Iyanrìn máa ń rì, èyí léfòó. Ó fẹ́ jọ ìyẹ̀ pákó."

Mo gbà á, mo gbé e símú. Mo ti ń gbá ìyẹ̀ pákó kúrò nílẹ̀ yàrá, mo ń gbọ̀n ọ́n kúrò lára aṣọ ìbora, mo ń ṣà á kúrò nínú irun ẹni tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ. Kò sí ẹni tó lè fi hàn mí.

Mo wo Kòséwu lójú, mo ní, "Iyanrìn ni." Ó ní, "Ó dáa, Màmá, iyanrìn ni." N kò mọ ìdí tí mo fi bo Bàbá wọn láṣìírí. Bóyá nítorí pé ọ̀rọ̀ ilé ẹni ni, bóyá ojú ló ń tì mí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo ti ń gbé alùpùpù wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lálẹ́, kọ́kọ́rọ́ wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Bàbá wọn rí i, ó gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí táyà, kò bi mí ní nǹkan kan. A kì í báni sùn ká má mọ bó ṣe ń mí. Mo mọ̀ pé kò tíì sùn.

Síbẹ̀, ó tún kú lórí òkè láàárọ̀ yìí. Ohun tó fi sí i ti wà nínú rẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ó ń kan ibùsùn. Mo gbé omi mímu lọ fún un nídìí pákó, mo rí i. Kò fẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló lè gbà. Ó gbẹ́ òdòdó sí ibi orí rẹ̀, ó ń fi ọṣẹ búlúù rẹ̀ ra ojú ayùn kó lè máa yọ̀, ó sì ń fi sùúrù rẹ́ ẹsẹ̀ ibùsùn náà bí ẹni tó ń gé èékánná ọmọ tuntun.

"Ta ló ni ín?"

"Oníbàárà."

"Oníbàárà wo?"

"Oníbàárà ni, Ìyá wọn."

Ó nawọ́ mú aṣọ, ó fi bò ó. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló máa ń sọ dáadáa: bí ó bá kan àpótí fún èèyàn, mo máa gbọ́ ti àpótí, màá gbọ́ ti ẹni tó ni ín, màá gbọ́ ti ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá ẹni tó ni ín. Òní ló wá di oníbàárà lásán. Wọn kì í sì gbẹ́ òdòdó sórí ibùsùn ọkùnrin.

Ó ti yé mi. Ó fẹ́ kí máṣíìnì já mi kulẹ̀, kí n kó lọ sí yàrá ẹ̀yìn òkè, kí ilé lè ṣófo fún ẹni tó ni òdòdó. Bí mo ṣe kọ ọ́ yìí, ó jọ ọ̀rọ̀ wèrè. Bí mo bá dùbúlẹ̀, ó máa ń jọ òótọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù keje

Mo pẹ́. Mo wọlé, omi ń kán lára mi, Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì ò tíì lanu tí mo fi sọ pé, "Ẹ fún mi ní yàrá yẹn, mà." Ó ní kí n kó wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Mo sọ fún Bàbá wọn nígbà tó ń fọwọ́. Ó fọ ọ́ pẹ́. Ó wá ní, "Ó dáa."

"Ó dáa" kan náà tó sọ nígbà tí mo ní kó má fọwọ́ kan alùpùpù. Kò bẹ̀ mí, kò bínú. Mo wọ ilé ìdáná lọ, mo sunkún sórí ìkòkò tí mo ti fọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ kó sọ pé kí n má lọ, ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

Ó kú lórí òkè láàárọ̀, mo sì jẹ́ kó kú, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ni mò ń sáré sí?

Kò pẹ́ tí mo dé ibi iṣẹ́, wọ́n gbé obìnrin kan wá, ìgbẹ́ gbuuru ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ ti jìn. Bẹ́ńṣì la tẹ́ ẹ sí. Mo rí iṣan, mo fa omi sí i. Ó ń kán dáadáa, ó ń kán díẹ̀díẹ̀, ó dúró. Mo wo ọwọ́ rẹ̀, kò wú. Mo wo okùn tí omi ń gbà, kò ká. Omi kún inú ìgò, kò sì wálẹ̀. Ìgbà náà ni mo rántí pé n kò tíì fún ìgò ní afẹ́fẹ́. Ohun tí wọ́n kọ́ wa lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ nílé ẹ̀kọ́! Ìgò tí afẹ́fẹ́ ò ráyè wọ̀, omi inú rẹ̀ ò ní jáde. Mo mú abẹ́rẹ́ kan, mo fi gún orí ìgò náà. Ó hó díẹ̀, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán.

Ọwọ́ mi ṣì wà lókè. Mo gbọ́ táǹkì yẹn létí mi, fííìn. Ìgbàkígbà tí mo bá ṣí i ló máa ń gba afẹ́fẹ́. Ìgbàkígbà tí Kòséwu bá ṣí i láti wo epo ló máa ń gbà. Kábúrétọ̀ tí a ti fọ̀ títí tó fi ń dán ò lẹ́ṣẹ̀ rárá. Epo ni kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí obìnrin náà sùn, tí ojú rẹ̀ ti ń padà bọ̀ sípò, mo mú abẹ́rẹ́ mìíràn jáde lọ sídìí alùpùpù. Mo nu ẹrẹ̀ orí ìdérí. Ihò kékeré kan wà níbẹ̀ tí n kò kíyè sí rí, wọ́n ti dí i, wọ́n sì fi àtàǹpàkò tẹ́ ojú rẹ̀ pẹrẹsẹ, iṣẹ́ ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń dí ihò ìṣó lára pákó. Abẹ́rẹ́ wọlé bí ẹni gún ògì. Ohun tó bá a jáde jẹ́ búlúù, ìyẹ̀ pákó lẹ̀ mọ́ ọn. Mo gbé e símú.

Ọṣẹ ni. Ọṣẹ ojú ayùn.

Láti ọjọ́ yìí wá tí mo ti ń fura, ibì kan wà nínú mi tó ń gbàdúrà pé kó jẹ́ irọ́.

Mo gùn ún wálé nírọ̀lẹ́ láìṣí ìdérí rárá. Ó gun òkè láti ìdí dé orí, ó kọjá lẹ́bàá àpáta, kò húkọ́, kò tínrín. N kò láyọ̀ kankan. Mo lọ tààrà sídìí pákó, mo gbé abẹ́rẹ́ náà pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́nu rẹ̀ síwájú Bàbá wọn.

"Kí lèyí?"

Ó wò ó. "Ọṣẹ."

"Ta ló fi sórí máṣíìnì mi?"

"Èmi ni." Ojú ò tì í. "Ó ti bọ́ ni? Mo ti tẹ̀ ẹ́ dáadáa."

Mo bú sí i. Gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yìí ni mo sọ, àti èyí tí n kò kọ. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, itọ́ funfun ló ń tu sóde. Mo ní bó bá fẹ́ kí n kúrò nílé, ẹnu ló yẹ kó fi sọ ọ́. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó gbé ayùn kalẹ̀.

"Ìwọ lo sọ pé omi ń gba orí ìdérí wọlé. Mo lọ wò ó, mo rí ihò. Mo dí i. Bí òjò bá ti rọ̀, ó máa ń ṣí, mo máa ń tún un dí."

Mo fi ìka kan abẹ́rẹ́ tó wà níwájú rẹ̀.

"Ihò yẹn ló fi ń mí, Bàbá wọn. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà. Ẹ dí i nímú."

Mo rí ìgbà tó yé e, nítorí ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú. "Ṣé òun ló ń jẹ́ kó máa kú?"

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi pé ẹ ń ṣe é?"

"O ní n má fọwọ́ kàn án."

Mo jókòó sórí ohun tó sún mọ́ mi, aṣọ ìbora yọ̀ kúrò lábẹ́ mi, mo rí òdòdó. Ibùsùn ọ̀hún ni. Mo ti bẹ̀rẹ̀, n kò wá lè dúró. Mo ní, "Ta ló ni ibùsùn yìí?"

"Ìwọ ni. O ní kò sí ibùsùn ní yàrá yẹn. Mo ń rí bó o ṣe ń pẹ́, mo mọ ibi tó máa já sí. Ṣé ilẹ̀ ni wàá wá máa sùn?"

Mo na ọwọ́ mi lórí rẹ̀ láti etí kan dé èkejì. Kò gba ju èmi nìkan lọ.

"Ẹ ò fi àyè tiyín sí i."

Ó ń fi èékánná ha ọṣẹ kúrò lórí abẹ́rẹ́ náà. Ó ní, "Yàrá tìrẹ ni. Wọn ò pè mí."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

Mo dé kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Mo sọ fún Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì pé n kò gba yàrá mọ́. Ó ní kí wá ló ń ṣe máṣíìnì náà láti ọjọ́ yìí. Mo ní nǹkan kékeré ni. Mo ń bọ̀, mo juwọ́ sí Tíṣà láti ojú ọ̀nà, ó juwọ́ padà, ìyàwó rẹ̀ ti fèrèsé. Ó tọ́ sí mi.

Ìfura lòògùn àgbà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ ohun tí òògùn ń ṣe fún ẹni tó bá lò ó kọjá ìwọ̀n.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

Kòséwu fi rọ́bà tuntun sábẹ́ ìdérí. Ó ní ojúlówó ni. Mo fà á, mo gbọ́ òórùn rẹ̀. N kò fọkàn tán rọ́bà yẹn.

Bàbá wọn bi mí pé kí ni ká ṣe sí ibùsùn. Mo ní ká gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá yé sùn lórí bẹ́ńṣì mọ́. Inú rẹ̀ dùn sí i, mo rí i, nítorí ó tún lọ rẹ́ ẹsẹ̀ tó ti rẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ìyá kan bímọ, òun ló kọ́kọ́ sùn lórí ibùsùn òdòdó. Ó ní ta ló gbẹ́ ẹ. Mo ní oníbàárà mi kan ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì fọwọ́ sí i. Màá máa ti ilé lọ, màá máa ti ilé bọ̀. Mo sọ fún Bàbá wọn, ó ní, "Ó dáa." Mo ti wá ń gbọ́ ohun tó wà nínú ó dáa yẹn.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, òjò ṣú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí alùpùpù tí mo gbàgbé síta. Bàbá wọn dìde, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo òjò tó ń pa táǹkì. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò. Mo mọ ohun tó wà nínú àpò náà. Kò rìn, ó dúró síbẹ̀ gedegbe.

Mo ní, "Bàbá wọn."

"Hẹn?"

"Òjò ń pa máṣíìnì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fọwọ́ kàn án."

Ó wò mí bóyá eré ni mò ń ṣe. Ó bọ́ sínú òjò. Èmi náà bọ́ sí i, a jọ tì í wọlé, òun níwájú, èmi lẹ́yìn. Àmọ́ mo kọ́kọ́ ní kó gbé ọṣẹ sílẹ̀ ná.